Ipò Àgbà Nínú Ẹgbẹ́ Eré

Lẹ́yìn tí wọ́n na ẹgbẹ́ eré wa lọ́dún yìí, àwọn kan ní kí a pe àwọn àgbà òṣèré padà. Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn Mets, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ìlú New York.

Ní 1962 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn olókìkí tí agbára ti ń tán lára wọn pọ̀ nínú wọn. Wọ́n pàdánù eré 120!

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dọ́ rọ́pò wọn, pàápàá àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ ní 1966 kí Tom Seaver tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Jerry Koosman àti Nolan Ryan náà dé. Ní 1969, wọ́n borí nínú eré 100, wọ́n sì na Baltimore Orioles, wọ́n gba adé.

Ta ni olùdarí wọn? Gil Hodges, ọ̀kan nínú àwọn àgbà òṣèré 1962 náà ni! Kò bọ́ sí pápá mọ́; ó ń kọ́ àwọn ọmọ ni. Ibẹ̀ ni mo rí i pé àkísà àgbà wúlò.