Ìjàkadì Inú Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ ìjàkadì ni mo gbé wá lónìí, mo sì mọ̀ pé kò ṣàjèjì sí yín. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ oríkì Ọ̀fà rí mọ̀ pé ìjàkadì kì í ṣe nǹkan kékeré ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin àgbà náà rántí bí a ti máa ń gbá ara wa mú lórí iyanrìn nígbà òṣùpá, tí àwọn ẹgbẹ́ wa yí wa ká, tí wọ́n ń pariwo. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, òun ni a dá. Kò sí awuyewuye níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjàkadì orí iyanrìn ni mo fẹ́ sọ. Ìjàkadì mìíràn wà tí wọ́n ń jà ní Amẹ́ríkà àti ní Jàpáànù, lórí pèpéle onígun mẹ́rin tí wọ́n fi okùn yí ká. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni ó jẹ́ fún àwọn tí ń jà á. Ìjàkadì yìí ni àwọn kan gbé wọ inú ẹ̀rọ, tí ó di géèmù tí ọmọdé ń fi àtàǹpàkò gbá níwájú tẹlifísàn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti jáde, ọ̀pọ̀ sì ti di ohun ìgbàgbé. Díẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣì ń yìn títí di òní. Kí ni àwọn díẹ̀ náà ní tí àwọn yòókù kò ní? Èyí ni a ó jọ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìjà tí ìjà yìí jẹ́. Wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti fi ohùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí èyí sọ pé ẹ̀tàn lásán ni. Ẹni tí a gbé sókè tí a sì là mọ́lẹ̀, ilẹ̀ náà ni ó bá. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà ni pé kí ẹni tí ń gbé ẹnì kejì rẹ̀ mọ bí yóò ti gbé e tí ọrùn rẹ̀ kò fi ní ṣẹ́, kí ẹni tí a ń gbé sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fò. Wọ́n ń bá ara wọn jà, wọ́n sì ń ṣọ́ ara wọn. Wọ́n dàbí onílù méjì: bí ọ̀kan bá sáré ju èkejì lọ, ijó ti bàjẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ o: wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ má ṣe lọ dán an wò lára ọmọ ẹlòmíràn.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà fún ẹni tí ó fẹ́ sọ ọ́ di géèmù. Géèmù ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kò le tó bẹ́ẹ̀: ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ̀ṣẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì wo ni ènìyàn yóò tẹ̀ fún àkókò? Bọ́tìnì wo ni ti sùúrù?

Ní ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ Technōs ti Jàpáànù ṣe ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Tag Team Wrestling ní Amẹ́ríkà. Inú àpótí ńlá tí ènìyàn ń sọ owó ẹyọ sí ni ó wà. Bí àwọn oníjàkadì bá ti gbá ara wọn mú, orúkọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà dá ènìyàn yóò máa yí lójú ẹ̀rọ, ẹni tí ń gbá a yóò sì yára mú ọ̀kan kí àyè tó bọ́. Ó jọ ìdánwò ilé-ìwé ju ìjà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ṣí.

Ní ọdún 1986, Nintendo gbé Pro Wrestling jáde ní Jàpáànù, ó sì dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1987. Masato Masuda ni ó ṣe é. Oníjàkadì mẹ́fà péré ni ènìyàn lè mú nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ènìyàn gidi. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ ààbọ̀ ènìyàn, ààbọ̀ ẹja. Síbẹ̀ rẹfirí wà níbẹ̀ tí ó ń dọ̀bálẹ̀ ka iye, ayàwòrán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ rí i pé ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ jọ ohun tí wọ́n ń wò lórí tẹlifísàn.

Masuda kò dúró níbẹ̀. Ní ọdún 1989, ó ṣe Fire Pro Wrestling ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Human. Ẹ fi ọkàn sí eléyìí, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa. Nínú àwọn géèmù mìíràn nígbà náà, ẹni tí ó bá lè tẹ bọ́tìnì kíákíá jù ni ń borí. Àtàǹpàkò a sì máa bó. Nínú Fire Pro, bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, ẹ ó ṣubú. Àwọn méjèèjì yóò pàdé, wọn yóò gbá ara wọn mú, ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ gan-an ni yóò dá ẹnì kejì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ọ̀nà tí ó le jù bẹ̀rẹ̀ ìjà, wọn yóò yí i padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ ó kọ́kọ́ fi ti kékeré rẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó lo ti ńlá. Masuda ti rí bọ́tìnì sùúrù.

Human kò ní ìwé àṣẹ láti lo orúkọ àwọn oníjàkadì gidi. Nítorí náà wọ́n ya ẹni tí ó jọ wọ́n, wọ́n sì fún un ní orúkọ mìíràn. Nígbà tí ó yá, wọ́n fún àwọn tí ń gbá a ní àyè láti dá oníjàkadì tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó wù wọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà orúkọ ńlá ni wọ́n gbà. Ẹgbẹ́ WWF ni ó lókìkí jù níbẹ̀. Technōs gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ó ṣe WWF Superstars ní ọdún 1989 àti WWF WrestleFest ní ọdún 1991. Hulk Hogan wà nínú wọn, àwòrán wọn sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń tò lẹ́yìn àpótí náà. Ọ̀pọ̀ géèmù tí ó tẹ̀lé e fún inú ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ńlá wà lára páálí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo.

Ìgbà tí ọ̀nà méjèèjì pàdé ni nǹkan tó dùn. Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ AKI ti Jàpáànù ṣe WCW vs. nWo: World Tour fún ẹ̀rọ Nintendo 64, THQ sì tà á. WCW ni ẹgbẹ́ tí ń bá WWF figagbága nígbà náà. Ní ọdún 1998, Revenge tẹ̀lé e. THQ wá gba àṣẹ WWF, AKI ṣe WrestleMania 2000 ní ọdún 1999, ó sì ṣe WWF No Mercy ní ọdún 2000. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ọba gbogbo wọn.

Kí ni AKI ṣe? Wọ́n mú àkókò àti sùúrù, wọ́n sì mú kí ó rọrùn fún ọmọdé. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì wéré, ìgbámú fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìgbámú líle ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ fẹ́ mú ti rí yín. Ìwọ̀n kan wà tí ń fi ìgboyà oníjàkadì hàn: bí ó bá ń borí, yóò máa lọ sókè, bí wọ́n bá ń lù ú, yóò máa wálẹ̀. Bí ó bá kún, ẹ lè lo ọ̀nà tí oníjàkadì náà fi di olókìkí. Ẹni tí a ti lù títí lè tún dìde, kí ó sì dá ẹni tí ń yangàn. Ènìyàn mẹ́rin lè gbá a pọ̀ nínú yàrá kan. Kò wà láìlábùkù o: nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tà, ohun tí ènìyàn ti tò pamọ́ sínú rẹ̀ lè ṣàdédé parẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn orúkọ ńlá náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, WWF ra WCW, WCW sì parí. Ní ọdún 2002, WWF fúnra rẹ̀ pàdánù orúkọ náà lẹ́yìn ẹjọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn tí ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, tí ó ń lo lẹ́tà kan náà. Ó wá di WWE. THQ wọko gbèsè, ó sì kógbá wọlé ní ọdún 2013. Àwọn àgbà sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. Orúkọ tí wọ́n yá lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọwọ́ AKI kò lọ. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbá No Mercy.

Ilé-iṣẹ́ mìíràn ti Jàpáànù, Yuke's, ni ó gba iṣẹ́ WWE ṣe lẹ́yìn náà. Here Comes the Pain tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003 yára, ó sì dùn. Ọ̀pọ̀ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ No Mercy. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń gbé tuntun jáde, iṣẹ́ àṣeyára sì ní ohun tí ó ń fà. Yuke's kúrò nídìí rẹ̀ ní ọdún 2019. Géèmù WWE 2K20 jáde ní ọdún náà pẹ̀lú àbùkù tí ó pọ̀: ojú oníjàkadì a lọ́, apá a lọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní ọdún 2020, géèmù tí ń jẹ́ 2020 kò lè wọ ọdún 2020! Ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́, àfi bí ènìyàn bá dá ọjọ́ inú ẹ̀rọ padà sí 2019, títí wọ́n fi tún un ṣe. Ojú tì wọ́n. Wọn kò ṣe ti ọdún tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n farabalẹ̀, WWE 2K22 tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022 sì dára jù ú lọ fíìfíì.

Inú yín yóò dùn láti gbọ́ pé ọmọ wa kan wà nínú 2K22 náà. Tolulope Omogbehin ni, ẹni tí wọ́n bí ní Èkó, tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Omos ni wọ́n ń pè é lórí pèpéle. Ọmọ Èkó lè wá mú ọmọ Èkó nínú géèmù, kí ó sì fi í jà.

Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ tuntun kan, AEW, gbé géèmù tirẹ̀ jáde. Yuke's ni wọ́n gbé e fún, wọ́n sì wá Hideyuki Iwashita kàn, ẹni tí ó darí iṣẹ́ No Mercy. Ọdún púpọ̀ ti kọjá, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà àgbà oníṣẹ́ ni wọ́n tún kàn. Fire Pro náà kò kú. Èyí tí ó jáde ní ọdún 2017 fún kọ̀ǹpútà ni àwọn tí ń gbá a kún fún àìmọye oníjàkadì tí àwọn fúnra wọn dá.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ já sí nìyí. Àwọn tí a ń rántí kì í ṣe àwọn tí orúkọ wọn tóbi jù lára páálí, tàbí tí àwòrán wọn dán jù. Àwọn tí ó jókòó wo ìjàkadì fínnífínní ni, títí wọ́n fi mọ̀ pé àkókò ni ọkàn rẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ lórí iyanrìn náà nìyẹn: kì í ṣe ẹni tí ó lágbára jù ni ń dá ni, bí kò ṣe ẹni tí ó mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹnì kejì fẹ́ kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá dáwọ́ lé lọ́la, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ mọ inú rẹ̀ kí ẹ tó wá orúkọ fún un.