Prototype JavaScript: Ibi Tó Ti Wá àti Wàhálà Tó Dá Sílẹ̀

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni Brendan Eich fi ṣe èdè JavaScript ní ilé-iṣẹ́ Netscape, lóṣù karùn-ún ọdún 1995. Mocha ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, ó di LiveScript, kí ọdún náà tó parí ó ti di JavaScript. Ìkánjú ọ̀hún hàn lára rẹ̀. Ara Java ni wọ́n ti da Date, ohun èlò rẹ̀ fún ọjọ́ àti àkókò, kọ, tòun ti àléébù rẹ̀: títí dòní, òdo ni oṣù kìn-ín-ní nínú rẹ̀.

Ti prototype, ìyẹn àwòkọ́ṣe tí object ti ń jogún method (iṣẹ́ tó lè ṣe), kì í ṣe ti Java. Inú Self, èdè tí David Ungar àti Randall Smith gbé kalẹ̀ ní Xerox PARC, ni Eich ti rí i. Object, Array, String, Number àti Date jẹ́ constructor àbínibí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní prototype tirẹ̀. Bí a bá pe method kan lórí array (àtòjọ) tí array náà kò ní in, inú Array.prototype ni JavaScript máa wá a lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fi method tuntun síbẹ̀, gbogbo array tó wà lójú-ìwé náà ló fún, títí kan èyí tí ẹlòmíì ṣẹ̀dá.

Àǹfààní ńlá ni àwọn kan ka èyí sí. Àwọn library bíi Prototype.js tí Sam Stephenson gbé jáde ní 2005 àti MooTools ti Valerio Proietti lò ó dáadáa. John Resig ní tirẹ̀ kò fọwọ́ kan prototype àbínibí nínú library rẹ̀, jQuery, ọgbọ́n gidi sì nìyẹn.

Ní 2018, TC39, ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin JavaScript, fẹ́ fi flatten, method tó ń tú array tó wà nínú array sílẹ̀, kún Array. Firefox gbé e sínú ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀, ni ojú òpó kan tó ń lo MooTools àtijọ́ bá bàjẹ́. MooTools ti ní flatten tirẹ̀, for…in ló sì fi ń ṣa àwọn method Array kó lọ sára Elements, irú àkójọ tirẹ̀ fún àwọn element ojú-ìwé. Ṣùgbọ́n for…in kì í rí method àbínibí. Bí MooTools tilẹ̀ kọ tirẹ̀ lé ti àbínibí lórí, orúkọ náà ṣì fara pamọ́, kò sì dé ara Elements mọ́. Ẹnìkan fi ṣàwàdà pé kí wọ́n kúkú pè é ní smoosh, ni ariwo bá ta. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: MooTools yìí kan náà ló jẹ́ kí wọ́n yí orúkọ method contains padà sí includes.

Ìgbìmọ̀ náà kò fẹ́ ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, ohun tó dára ni wọ́n sì ṣe. Wọ́n yí orúkọ padà sí flat lóṣù karùn-ún 2018, òun ló wọ ìwé òfin èdè náà ní 2019.