Owó Ìtanràn àti Tálákà

Ní ayé àwọn baba wa ní Ìbàdàn, ilé olóyè ni a ti ń dá ẹjọ́, ẹni tí ó bá sì jẹ̀bi a san owó ìtanràn. Bí kò bá ní i, a yá a, òun tàbí ọmọ rẹ̀ a sì lọ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín gbèsè kù. Èlé nìkan ni ó dúró fún. Ẹjọ́ ọjọ́ kan lè di ìsìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1893 ni Ìbàdàn bá Gẹ̀ẹ́sì dá májẹ̀mú, Ajẹ́lẹ̀ sì dé. Lẹ́yìn òfin 1914, àwọn kóòtù ìbílẹ̀ titun wà lára ohun tí ó bí àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhò nínú tí wọ́n fi dìtẹ̀ ní 1916.

Ìwọ̀fà ti kọjá lọ, ilé túbú sì gba ipò rẹ̀. Olówó a san ìtanràn, a lọ sí ilé. Tálákà a wọ ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ìyà méjì. Ní November 2023, Ìjọba Àpapọ̀ pàṣẹ kí a dá ènìyàn 4,068 tí kò rí owó san sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. ₦585 mílíọ̀nù ni a fi rà wọ́n padà.

Òfin Mósè mọ ọ̀nà tí ó sàn jù. Nínú Léfítíkù orí 5, ẹni tí kò lè mú ọ̀dọ́-àgùtàn wá a mú àdàbà méjì. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ìyẹn, ìyẹ̀fun. Agbára olúkúlùkù ni a fi wọn ẹbọ rẹ̀.

Ará, láti Àkóbọ̀ dé túbú Agodi kò jìnnà. Nígbà tí a bá lọ bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, ẹ jẹ́ kí a bèèrè iye ìtanràn rẹ̀ pẹ̀lú.