Gíráǹtì àti ẹ̀kọ́ oko ní Borno: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Umarari àti káàkiri Máídúgùri, tí ẹ háyà ilẹ̀ díẹ̀ tí tọkọtaya àtọmọ jọ ń ro, ẹ ó ti máa gbọ́ ọ pé "owó àgbẹ̀ ti jáde." Kí ẹ tó sáré, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Gíráǹtì kì í ṣe ẹ̀yáwó

Gíráǹtì ni ìrànwọ́ tí wọn kì í gbà padà. Anchor Borrowers tí Báńkì Àpapọ̀ (CBN) bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 kì í ṣe gíráǹtì. Irúgbìn àti ajílẹ̀ tí wọ́n fún àgbẹ̀, sísan ni lẹ́yìn ìkórè. Ẹni tó rò pé ẹ̀bùn ni, gbèsè ló jẹ.

Gíráǹtì gan-an kì í sábà jẹ́ owó tí wọ́n ń kà síni lọ́wọ́. Ẹ wo Fàdámà, orúkọ tí Hausa ń pe àkùrọ̀. Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó wà nínú ìpele kejì rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n bá ṣe é. Nígbà náà, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fa omi, wọ́n á mú ìdá 30 nínú 100 owó rẹ̀ wá, Fàdámà á fi 70 tó kù sí i.

Owó tán, ẹ̀kọ́ ò tán

Láti 2004 sí 2009, ìjọba Kánádà náwó sí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PROSAB ní gúúsù Borno. IITA tó wà n'Ìbàdàn ló ṣíwájú rẹ̀, Yunifásítì Máídúgùri sì wà níbẹ̀. Ọdún tó parí gan-an ni ìjà Boko Haram bẹ́ sílẹ̀ ní Máídúgùri. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́: ẹ gbin sóyà tàbí ẹ̀pà lọ́dún kan, kí ẹ gbin àgbàdo tàbí ọkà bàbà lọ́dún kejì.

Ìdí méjì ló wà fún un. Èkíní ni koríko tí Hausa ń pè ní wuta-wuta, tó máa ń so mọ́ gbòǹgbò ọkà tí á sì máa mu oúnjẹ rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Gbòǹgbò sóyà máa ń mú kó hù, àmọ́ kò ní rí nǹkan mu níbẹ̀, á sì kú. Èkejì ni pé sóyà, ẹ̀pà àti ẹ̀wà máa ń fa náítrójìn inú afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì ní Borno, níbi tí àwọn ológun ti dí títà ajílẹ̀ yúríà lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá ẹgbẹ́. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹ fi àwọn aládùúgbò tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kún un, kí ẹ sì jẹ́ kí Bulama mọ̀ yín.

Ẹ kọ àdéhùn ilẹ̀ sínú ìwé, ó kéré tán ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá tún ilẹ̀ ṣe lọ́dún yìí tí onílẹ̀ gbà á lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni yóò jèrè òógùn yín.

Ẹ bèèrè ẹ̀kọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ BOSADP, iléeṣẹ́ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Borno, kí ẹ bèèrè màlámín gónà tó wà fún àdúgbò yín. Lake Chad Research Institute, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Máídúgùri lọ́dún 1975, ló ń ṣèwádìí jéró, àlìkámà àti báálì.

Ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí orúkọ yín tó wọlé, tàbí tó ń bèèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ATM yín, gbájúẹ̀ ni. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà wá sípàdé ẹgbẹ́ kí ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀.