ṢÉ DANDAN NI KÁ YÍ ORÚKỌ BÀBÁ WA PADÀ?

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìràwọ̀ ń bi wá bóyá kí wọ́n fi "Olú" rọ́pò "Ògún" nínú orúkọ bàbá wọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí orúkọ ìdílé ṣe dé ọ̀dọ̀ wa ná.

Àwọn baba ńlá wa kì í jẹ́ orúkọ kan náà láti ìran dé ìran. Ọmọ ní orúkọ àbísọ, àwọn kan ní àmútọ̀runwá, oríkì tún wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ ó béèrè agbo ilé tó ti wá. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ilé ìwé ló wá ń béèrè orúkọ kejì. Orúkọ bàbá téèyàn bá sọ fún tíṣà, ó di ti ọmọ àti ọmọ-ọmọ nìyẹn.

Ẹ wo Àjàyí, ọmọ Òṣogùn lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Àmútọ̀runwá ni Àjàyí: ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, ó di ará Freetown. Nígbà tó ṣèrìbọmi ní 1825, wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London. Òun ló di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Kí wá ni Crowther? Ẹni tó ń ta ohun èlò orin olókùn kan láyé àtijọ́ ni. Àyàn tiwọn nìyẹn o! Smith náà, alágbẹ̀dẹ ni. Tí Ògúnbíyìí tó jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ bá wọlé, a ní kó lọ yí orúkọ padà. Tí Smith bá wọlé, a fún un ní àga iwájú. Ṣé ẹ rí i?

Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan, David Brown Vincent, tiẹ̀ bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ ní 1894, ó di Mọ́jọlá Agbébí. Kò fi iṣẹ́ ìwàásù sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Àpólò inú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 18 ńkọ́? Òrìṣà Gíríìkì ló wà nínú orúkọ rẹ̀. A ò kà á níbì kankan pé Pọ́ọ̀lù ní kó pa á dà.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni ọmọ ìyá méjì, tí ọ̀kan ń jẹ́ Ògún, tí èkejì ń jẹ́ Olú, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín ilẹ̀ bàbá wọn. Lọ́yà ló máa jèrè ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹni tọ́kàn rẹ̀ ò bá ṣì balẹ̀, a ò dí i lọ́wọ́. Àmọ́ kó kọ́kọ́ sọ fún bàbá rẹ̀, kó tó lọ búra ní kóòtù. Ẹni tó bá sì ti ṣe tiẹ̀, kó tọ́jú ìwé ìbúra náà pẹ̀lú ìwé ìròyìn tó gbé e jáde, torí orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà lórí ìwé ẹ̀rí WAEC rẹ̀.