Ta Ló Ni Páńtí Yìí?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ kò ní í gbàgbé wólé-wólé. Ayé àwọn òyìnbó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, òmìnira sì dé bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ariwo á sọ, oníkálukú á sáré wá ìgbálẹ̀. Wọ́n á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọ́n á yọjú sẹ́yìnkùlé, ẹni tí ìdọ̀tí bá sì pọ̀ nílé rẹ̀ dèrò kóòtù nìyẹn. Ní 1977, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa kó ìdọ̀tí. Ní 1984, ìjọba ológun gbé ètò WAI dé, ó sì di kí gbogbo wa máa gbálẹ̀ tipátipá ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni ìjọba Èkó tó fòpin sí sísé àwọn èèyàn mọ́lé láàárọ̀ Sátidé yẹn.

Ẹ wò ó dáadáa: nínú gbogbo èyí, onílé àti ayálégbé ni ẹjọ́ ń bá. Mi ò gbọ́ ọ rí pé wólé-wólé kan lọ kan ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ tó ṣe ike, kó bi wọ́n pé ibo ni wọ́n fẹ́ kí ike náà gbà bí a bá lò ó tán.

Ìgò nìkan ló yàtọ̀. Ṣebí a ṣì rántí bí a ṣe ń ra mínírà nígbà náà? Ẹ ó mú ìgò òfìfo dání, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó fi owó ìgò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó ń tà á. Ọkọ̀ tó gbé èyí tó kún wá náà ni yóò kó òfìfo padà lọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún rọ nǹkan sí i. Òfin kọ́ ló lé wọn ṣe é o. Ìgò lówó lórí, ilé-iṣẹ́ kò sì fẹ́ pàdánù rẹ̀, ó tán. Ọmọdé tó bá rí ìgò lẹ́bàá ọ̀nà rí owó he. Nígbà tí omi inú ọ̀rá dé láàárín 1990 sí 1999, tí ike sì ń gba ipò ìgò, owó ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í di ìtàn. Ẹni tó ṣe é ti gba owó tirẹ̀ lọ, gọ́tà ló ku ọ̀rá àti ike kù.

Àwọn ará ibòmíràn náà rí irú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ṣòfin owó ìgò ní 1971, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é nílẹ̀ náà. Ní 1990, ọ̀mọ̀wé kan ní Sweden, Thomas Lindhqvist, fún èrò yìí lórúkọ: ẹni tó ṣe ọjà ni yóò ru ẹrù rẹ̀ títí dé ààtàn. Ọdún kejì ni Jámánì fi òfin gbé e lé àwọn ilé-iṣẹ́ wọn lórí.

Tiwa ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wọ mọ́tò ní Ìjànìkin ká kọrí sí Mile 2. A ó kọjá Okokomaiko àti Ìyànà Ìbà kí a tó dé agbègbè Alábà, ọjà tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń wá ra rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ní 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, Basel Action Network, wá wo ọjà ẹ̀rọ tòkunbọ̀ l'Ékòó. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bí 500 kọ̀ntéínà ló ń wọlé lóṣooṣù, àti pé bí a bá pín ẹrù náà sọ́nà mẹ́rin, mẹ́ta ni kò ṣe é tún ṣe, tí kò sì ṣe é tà. Ní 2015 àti 2016 tí wọ́n tún ka ẹrù ní èbúté Èkó, nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ló ń wọlé lọ́dọọdún, inú ikùn ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù sí. Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí gbọọrọ yẹn. Àwọn ọmọ wa ń fọ́ ọ pẹ̀lú òkúta, wọ́n ń fi iná sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà.

Òfin dé bá a ní 2011, èyí tó sọ pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tàbí tó kó o wọlé gbọ́dọ̀ gba òkú rẹ̀ padà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NESREA ló ń bójú tó o. Ní 2018, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ dá EPRON sílẹ̀ láti máa ṣètò owó àti ìkójọ. Àwọn oníhóró mínírà àti oúnjẹ náà ní FBRA tiwọn. Ní 2022, wọ́n tún òfin ẹ̀rọ náà ṣe kó lè múná sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dùn sí nìyí: ta ló ń bá wọn jókòó sídìí ètò náà? Nígbà tí Oregon tún òfin ṣe ní 2021, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2025, wọ́n yan ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ẹlẹ́ni 17. Gómìnà ló ń yàn wọ́n: aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń kó páńtí, àwọn tó ń ṣà á, àwọn tó ń ṣe ọjà. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ bá gbé ètò wọn wá, ìgbìmọ̀ yìí á kà á, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á sì sọ tẹnu wọn fún ìjọba kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. Àṣẹ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìjòyè ń ṣe láàfin wa náà kọ́ nìyẹn? Ọba ló ń pàṣẹ, àmọ́ kò rọrùn fún un láti ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, mo ka òfin 2007 tó dá NESREA sílẹ̀, mo sì wo àwọn tó ní àga nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá láti oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọjà ní Nàìjíríà ní àga tiwọn, àwọn tó ń wa epo rọ̀bì náà ní. Lẹ́yìn náà ni ẹni mẹ́ta tí mínísítà á yàn láti ṣojú gbogbo ará ìlú. Mẹ́ta péré! Òfin náà kò dárúkọ ẹni tó ń ṣa ike tàbí ẹni tó ń tú òkú ẹ̀rọ palẹ̀ níbì kankan. Mi ò sọ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ dìde kúrò nídìí tábìlì. Àwọn ló máa san owó náà. Ohun tí mo ń wí ni pé bí wọ́n bá fẹ́ mọ iye tó yẹ kí wọ́n máa san lórí kílò ike kan, tàbí ìdí tí àwọn ọmọ Alábà fi ń sun wáyà dípò kí wọ́n gé e, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sí níbẹ̀.

Àwọn ìyá tó ń ṣa ike ní Ìjànìkin mọ irú ike tí àwọn oníbàárà kì í rà. Wọ́n mọ ìgbà tí owó kílò máa ń já wálẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń jáde, kí oòrùn tó mú, wọ́n á gbé àpò kọ́ èjìká, wọ́n á sì kọjá níwájú ọ́fíìsì káńsù kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ṣí.