Àwọn Àjàyí: orúkọ kan náà, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

 

Ẹni tó bá ń jẹ́ Àjàyí ní àdúgbò wa yìí á ti gbọ́ ìbéèrè kan títí á fi sú u. Bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, Nàìjíríà ń gbá a, wọ́n dárúkọ Àjàyí, aládùúgbò á yíjú sí ọ: "Na your brother be dat?" Wàá rẹ́rìn-ín, wàá ní rárá. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Orúkọ tó bá gbẹ̀yìn lórí fọ́ọ̀mù, orúkọ ìdílé ni gbogbo ayé ń pè é lónìí, àwọn méjì tó bá sì ń jẹ́ ẹ, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí. Àmọ́ Àjàyí kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í sọ ilé tí èèyàn ti wá. Bí èèyàn ṣe wọ ayé ló ń sọ.

Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ọmọ tó bá dojúbolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, Àjàyí ni, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin. Ìgè ni ẹni tó fi ẹsẹ̀ wá. Òjó àti Àìná ni àwọn tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn. Ẹ mọ ìyókù. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé kò sí bàbá tó jókòó ronú kó tó sọ wọ́n lọ́mọ. Adé lè tọ́ka sí ilé ọba, Ayàn lè tọ́ka sí ilé onílù, ṣùgbọ́n Àjàyí lè jáde nílé ọba lónìí, kó jáde nílé ahunṣọ lọ́la. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò sì bára wọn tan.

Ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ nínú wọn.

Èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù ni bíṣọ́ọ̀bù. Òṣòògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí 1809, ilé ahunṣọ ni bàbá rẹ̀ ti wá, Àfàlà sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní 1821 ogun kó ìlú náà. Wọ́n mú Àjàyí, wọ́n mú ìyá rẹ̀, wọ́n sì tú wọn ká. Láti ọwọ́ olówó kan dé òmíràn ni wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ọjọ́ ìrìbọmi náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò bá a tan rárá.

Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ọmọkùnrin yìí ti pàdánù ilé, ó ti pàdánù òbí, wọ́n wá fún un ní orúkọ tuntun lókè àti nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wà ní Freetown, orúkọ òyìnbó nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ. Tirẹ̀, Àjàyí kò parẹ́. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní "Adjai", láàárín Samuel àti Crowther. Lónìí, bí ẹ bá sọ Àjàyí Crowther, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí ẹ ń sọ. Ọ̀pọ̀ ló ti gbàgbé Samuel pàápàá.

Ní 1846 ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì pàdé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ó kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ó ní àwọn jókòó, àwọn ń wo ara àwọn láìlè sọ̀rọ̀, omijé ń dà lójú ìyá òun, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe di òun mú. Ó ní ìyá òun wá ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà òun máa ń pe òun pè òun, ìyá àgbà tó ti kú sí oko ẹrú. Ọkùnrin tó ti tó ọmọ ọdún 37, àlùfáà, aláṣọ òyìnbó, orúkọ ilé ni ìyá rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá ti ki oríkì rẹ̀ fún nígbà tó ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, kò ní béèrè ohun tó fa omijé yẹn.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí èdè wa ẹ ti mọ̀: ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ní 1843, Bíbélì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ lọ́dọọdún títí odindi rẹ̀ fi parí ní 1884. Ohun tí èmi fẹ́ kí àwa tó wà lápá ibí rántí ni pé odò ni oko iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864. Ọ̀nìṣà, Lọ́kọ́ja, Bonny, Brass. Ilẹ̀ tí kì í ṣe ti Yorùbá ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ orí rẹ̀ bíi bíṣọ́ọ̀bù, ó sì kọ ìwé lórí èdè Ìgbò àti Núpé pẹ̀lú. Àjèjì ni òun náà lọ́dọ̀ wọn, bíi tiwa níbí. Nígbà tó dàgbà tán, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kéékèèké dé, wọ́n já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ní àkókò kan náà tí bíṣọ́ọ̀bù ń lọ sókè sódò, Àjàyí mìíràn wà ní Ìbàdàn tó ń gun ẹṣin. Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n ni, Balógun Ìbàdàn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe so orúkọ kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. Nínú ìlú ológun tó tóbi tó Ìbàdàn, èèyàn ò lè jẹ́ Àjàyí lásán, wọ́n á béèrè pé Àjàyí wo. Òun ló kó ogun Ìbàdàn lọ sí Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti kojú àwọn Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti ará Ìlá ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1878. Ìbàdàn borí. Àwọn tó ń sá lọ bọ́ sínú odò Ọ̀tìn, wọ́n kú sómi lọ́pọ̀lọpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ogun Jálumi. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Balógun náà kú.

Àjàyí kan ogun kó lẹ́rú, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Àjàyí kejì ń kó ogun ja ìlú. Ayé kan náà ni wọ́n gbé, àwọn méjèèjì wà láàyè ní 1878. Bó bá jẹ́ pé orúkọ yìí ló ń darí ìwà ni, èwo nínú méjèèjì ni ká mú?

Ó wá ku Àjàyí tó jókòó kọ ìtàn àkókò wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 1929. Christ's School ní Adó-Èkìtì, Igbobi College ní Yábàá, Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà Leicester àti Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà sí Ìbàdàn ní 1958, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1963, ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó láti 1972 títí di 1978, nígbà tí rògbòdìyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Ali Must Go mú kí ìjọba ológun yọ ọ́. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ àwọn bàbá wa ní yunifásítì ló kọ́. Kó tó di ìgbà tirẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ohun tí òyìnbó ṣe ní Áfíríkà ni wọ́n ń pè ní ìtàn Áfíríkà.

Ní 1964, òun àti Robert Smith gbé ìwé jáde lórí ogun jíjà nílẹ̀ Yorùbá, Ogun Ìjàyè ni apá tirẹ̀ dá lé. Ọmọ Èkìtì ni o, ọmọ àwọn tí Balógun Ògbóríẹfọ̀n lé bọ́ sómi, síbẹ̀ ó kọ ọ̀rọ̀ ogun Ìbàdàn láìfi ìbínú kọ ọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé rẹ̀ lórí àwọn míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà jáde. Ẹ wo ọdún tó wà nínú àkọlé rẹ̀: 1841 sí 1891. 1841 ni Crowther kọ́kọ́ bá àwọn òyìnbó wọ ọkọ̀ gun odò Ọya. 1891 ni ó kú. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé náà á rí i pé ìgbésí ayé Àjàyí ti àkọ́kọ́ ni Àjàyí kejì fi wọn àkókò. Mi ò mọ òǹkọ̀wé mìíràn tó ṣe báyìí fún ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2014, tó pé ọdún 150 géérégé tí wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, olórí ìjọ Áńgílíkà, Justin Welby, dìde ní Canterbury, ó tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá àgbà náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún náà, Adé Àjàyí kú.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní, "Àwọn wọ̀nyí ti pẹ́ jù." Ó dáa. Ní 1993, ọdún kan náà, wọ́n bí Àjàyí méjì ní ẹkùn Lọ́ńdọ̀nù. Jay Ajayi bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré, ó sì gbá bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sá. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles tó gba ife Super Bowl ní oṣù kejì 2018. Ìkejì ni Semi Ajayi tí àwọn aládùúgbò wa ń bi wá léèrè, Olúwasémilógo ni odindi rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún West Brom àti Super Eagles. Òun ló forí kan bọ́ọ̀lù wọlé Liverpool ní Anfield ní ìparí oṣù kejìlá 2020. Wọn kì í ṣe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò o! Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn.

Obìnrin náà wà. Ifẹ́olúwa Àjàyí, tí ayé mọ̀ sí Luvvie, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dé Chicago ní ọmọ ọdún 9, ó di òǹkọ̀wé ńlá ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó lọ́kọ, kò yọ orúkọ náà kúrò. Luvvie Ajayi Jones ló ń jẹ́. Ẹ fi ṣe ẹ̀gbẹ́ Samuel Àjàyí Crowther kí ẹ wò ó: àárín gan-an ni Àjàyí jókòó sí nínú méjèèjì, orúkọ àjèjì ló sì wà níkẹyìn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọmọ 1993 yìí. Ti bíṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sọ, nítorí bó ṣe wá sáyé. Ti àwọn ọ̀dọ́, orúkọ tí wọ́n jogún ni. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé dé, tí tíṣà ń béèrè orúkọ kejì lọ́wọ́ ọmọ, orúkọ bàbá rẹ̀ ni ọmọ ń dá. Bàbá tó dojúbolẹ̀ wáyé di orúkọ ìdílé fún àwọn ọmọ tí kò dojúbolẹ̀, àti fún ọmọ ọmọ wọn.

Ẹ wá wo tiwa níbí. Láyé àtijọ́, ìyá àgbà tàbí agbẹ̀bí tó gba ọmọ ló ń kéde fún ilé pé báyìí ló ṣe wá. Lónìí ọsibítù là ń lọ. Nọ́ọ̀sì tó gba ọmọ lè jẹ́ Urhobo, ó lè jẹ́ Ìjọ́, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orúkọ wà nínú rẹ̀, bàbá wà ní ìta ó ń dúró, ìyá ti rẹ̀. Wọ́n á gbé ọmọ fún wa, wọ́n á sọ bó ṣe wọ̀n tó, ó tán. Ìbejì nìkan ni kò ṣe é fi pamọ́! Ẹ ka àwọn ọmọ tí a ti sọ lórúkọ láàárín ara wa lápá Ugborikoko láti bí ọdún mélòó kan, Táíwò àti Kẹ́hìndé wà, Ìdòwú wà. Ta ni ẹ rántí tí wọ́n sọ ní Àjàyí, tí kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀? Tàbí Ìgè?

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ lọ́wọ́, Ọlọ́run á sọ̀ yín láyọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá wa bi nọ́ọ̀sì ní Píjìn, ibo ni ojú ọmọ kọ sí nígbà tó ń bọ̀, ṣé ìwọ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn, ṣé orí ló kọ́kọ́ yọ. Wọ́n á dá yín lóhùn, ohun tí wọ́n ń wò lójoojúmọ́ ni. Ẹ̀yin Àjàyí ojú ewé yìí náà, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa: ṣé ìwọ fúnra rẹ lo dojúbolẹ̀, àbí bàbá, àbí bàbá bàbá?